Ìyá Tí Kò Tíì Pé Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án

Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ààrin búrẹ́dì náà. Díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ojú ibi tí yóò ti ya láì dá ẹ̀rún sílẹ̀. Nígbà tó ya, ó gbé apá kan sókè, ó wò ó. Ó gbé èkejì, ó wò ó. Ó na ọwọ́, ó fi èyí tó tóbi lé orí itan obìnrin tó jókòó sí apá òsì rẹ̀. Ẹ̀rún díẹ̀ kù lára ìka rẹ̀. Ó gbọ̀n wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì da àwọn náà lé búrẹ́dì ọ̀hún. Kò wo ojú obìnrin náà. Ó yí ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ apá kékeré.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni obìnrin náà wí.

Ọmọbìnrin náà mi orí bí àgbàlagbà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Obìnrin tó dúpẹ́ yẹn ni Dixao. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ti bímọ, ó ga, ó sì máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó bá ń rìn lórí iyanrìn, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì lẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé Gaxoma ni kó máa tọ́jú ọkàn àwọn ọmọ. Ìjọba ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ju'hoansi, ìyẹn àwọn ọmọ tiwa, ń sá kúrò nílé-ìwé, wọ́n ń gba inú igbó padà sílé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Windhoek, olú-ìlú wa, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí á wá ẹnìkan láàrin wa tí yóò máa bi àwọn ọmọ léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n.

Àwọn ọkùnrin abúlé fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

"Dixao, wọ́n ń sanwó fún ọ nítorí pé ọmọ rẹ́rìn-ín?"

"Nítorí tiyín ni. Ọmọ rí ojú yín láàárọ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹnìkan ní láti tún un ṣe."

Lára ògiri kíláàsì, wọ́n ya ojú mẹ́rin. Ojú ẹ̀rín, ojú ẹkún, ojú ìbínú, ojú ẹ̀rù. Agolo kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ á mú òkúta wẹ́wẹ́, á jù ú sínú agolo ojú tó jọ tirẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni òfin kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú ẹnìkejì rẹ̀.

Dixao mọ ohun tó ń mú ọmọ sá. Òun náà sá rí. Ní kékeré, wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé kan níta agbègbè wa, olùkọ́ kan sì fi igi lù ú lọ́wọ́ nítorí pé kò dáhùn ìbéèrè. A kì í na ọmọ lọ́dọ̀ wa. Kò yé e rárá. Ó rò pé ara ọkùnrin náà kò yá. Ó bọ́ bàtà ilé-ìwé sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má bàa sọ pé ó jí i, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń fi èèpo ẹyin ògòǹgò ṣe. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó sún díẹ̀ lábẹ́ igi, ó fún un láyè ní ibòji.

Bau ni ìyá yẹn ń jẹ́.

Ó kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí. Dixao kò sunkún púpọ̀ lójú wa. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, tí àwọn òbí ń lọ sínú igbó láti wa gbòǹgbò tí àwọn olóògùn òkè òkun máa ń rà, ọkọ̀ kan já ọmọbìnrin kan sílẹ̀ níwájú ilé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sùn. Àpò kékeré. Kúbùsù kan. Ojú tó tóbi ju ìyókù ara rẹ̀ lọ.

"Kí ni orúkọ rẹ?" ni Dixao bi í.

"Bau."

Dixao fi ọwọ́ bo ẹnu.

Orúkọ wa kò pọ̀. Àwọn kan náà là ń fún ara wa láti ìgbà pípẹ́, orúkọ náà sì ń sọ àjèjì di ìbátan. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ, o lè sọ ọ́ di ìyá rẹ. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ àbúrò rẹ, àbúrò rẹ ni bí o bá fẹ́. Ọ̀nà tí a lè gbà so ènìyàn méjì pọ̀ lè tó mẹ́ta, ó lè tó mẹ́rin. Èyí tó bá dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì ló máa yan ọ̀kan. Kékeré kò lẹ́nu níbẹ̀.

Dixao kò wulẹ̀ rò ó. Kò béèrè ta ni bàbá ọmọ náà, kò béèrè orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ yòókù.

"Ìyá mi ni yín," ó ní. "Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Dixao ti tún ní ìyá!"

"Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáná o, Màmá Bau. Oúnjẹ rẹ̀ ò ṣe é jẹ!"

Ọmọ náà wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́ aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó wo obìnrin gígùn tó tẹ̀ba níwájú rẹ̀ tí omi wà lójú rẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi," ó ní.

Inú wa dùn. Mo rántí pé inú wa dùn gan-an.

Ohun tí mo ṣì máa ń rò ni bí ọmọ náà ṣe gba ipò yẹn. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń gba irú rẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bau kò gbàgbé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fo okùn, yóò jókòó lórí iyanrìn, yóò ká ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa wò wọ́n. Bí wọ́n bá pín oúnjẹ, yóò kọ́kọ́ wá ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ìyẹn Dixao, yóò fún un ní èyí tó pọ̀. Láràárọ̀, òkúta rẹ̀ ń bọ́ sínú agolo ojú ẹ̀rín. Kò bọ́ sí òmíràn rí.

Ó sì ń dákẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ díẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ó tì, jẹun, ọmọ mi. Nígbà tó yá, ìyẹn náà tán. Olùkọ́ bi í ní ìbéèrè, ó wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ pè é wá ṣeré, ó mi orí pé rárá. Ó kàn ń wò.

Dixao kò rí i bí ohun tó burú. Ìyá rẹ̀ kékeré ń fún un ní búrẹ́dì. Ó ń lọ sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Hamukoto ni orúkọ rẹ̀, ará apá àríwá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ń sọ èdè wa, ó sì ń bú ewúrẹ́ rẹ̀ ní èdè wa.

"Dixao, ọmọ yẹn dákẹ́ jù."

"Ìyá mi kì í ṣe aláriwo, ọ̀gá."

"Ìyá rẹ ti kú. Ọmọ kíláàsì kejì ni mò ń sọ."

"Ẹ̀yin ará àríwá wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ wa ò ní yé yín láé."

"Sọ ọ́ kó yé mi, nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ ọ́. Hamukoto kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ti dákẹ́ báyìí lójú rẹ̀ rí, òun kò sì ṣe nǹkan kan títí ọmọ náà fi wọ igbó lọ. Wọ́n rí i láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tún ṣiṣẹ́ mọ́. Ó pe àwọn ará Windhoek lórí fóònù. Wọ́n ní obìnrin kan ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá. Obìnrin náà yóò wo Bau. Bí ọmọ náà kò bá sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, yóò mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, ní ìlú ńlá, níbi tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kò ní lè dé.

"Wọ́n fẹ́ gbé ìyá mi lọ?" ni Dixao wí.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ," Hamukoto dáhùn. "Mi ò sì fẹ́ kó wọ igbó lọ. Bí o bá mọ ohun tó ń ṣe é, sọ fún mi lónìí."

Kò mọ̀. Dixao lọ wo ọmọ náà lábẹ́ igi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó wo apá rẹ̀. Ó rí i pé apá náà ti tín-ín-rín. Ó ronú kan búrẹ́dì, gbogbo búrẹ́dì yẹn, ó sì dìde bí ẹni tí àkéekèé ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin Windhoek ń bọ̀, ó bá ọkọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe lọ sí abúlé tí Bau ti wá. Òbí rẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọ́n wà nínú igbó. Ìyá bàbá rẹ̀ nìkan ló bá, arúgbó kan tó jókòó sílẹ̀, tó ń fi òkúta fọ́ kóró èso igbó kan, mangetti, tó ti yan nínú eérú.

"Ta nìyẹn?"

"Dixao ni mí, láti Gaxoma."

"Irọ́! Èmi ni Dixao." Arúgbó náà sọ òkúta sílẹ̀, ó gbé ojú sókè láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Yéè! Ta ló fún àgùfọn lórúkọ mi? Jókòó, orúkọ mi, ọrùn ń dùn mí."

Dixao jókòó. "Ọ̀rọ̀ Bau ni mo bá wá."

"Ṣé ó ti fi ẹnu lé olùkọ́ lọ? Mo mọ̀. Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Ẹnu ọmọ yẹn kì í dì, ojú oorun ló ti máa ń bá èèyàn jà."

"Kì í sọ̀rọ̀, Ìyá àgbà."

"Bau wo?"

"Bau tiyín. Kì í sọ̀rọ̀ rárá."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó dúró kí Dixao náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ń bú u níbẹ̀?"

"A kì í bú ọmọ nílé-ìwé. Òfin ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri."

"Èmi ò bi ọ́ ní ti ògiri. Ta ló ń bú u? Nílé níbí, èmi ni mò ń jí i. Màá ní, Bau, dìde, ìwọ onídìí ìjàpá, oòrùn ti yọ. Á ní, ìwọ eléyín kan, fi mí sílẹ̀. A ó máa bá a lọ títí oúnjẹ á fi jinná. Inú èébú yẹn ló ti ń sọ ohun tó ń dùn ún fún mi. Ta ló ní níbẹ̀?" Ó fọ́ kóró kan, ó tún dúró. "Ìwọ, kí lo ń pè é?"

Dixao wo iyanrìn. "Ìyá mi."

"Háà."

"Ìyá mi ń jẹ́ Bau."

"Ó wà láàyè?"

"Ó ti lọ."

Arúgbó náà fi kóró mangetti tó fọ́ sí i lọ́wọ́.

"Wò ó, orúkọ mi. Ìyá wo ló máa jókòó, tí á máa ro ẹjọ́ ìdí ara rẹ̀ fún ọmọ?"

Dixao mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láàrin wa. Ìyá àti ọmọ, ọ̀wọ̀ ló wà láàrin wọn: wọn kì í bá ara wọn ṣe àwàdà, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ìtìjú lójú ara wọn. Ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ, èébú ni, ẹ̀rín ni, kò sí ohun tí wọn ò lè sọ. Ká ní Dixao béèrè ìbéèrè kan péré lọ́jọ́ tí ọmọ náà dé, ta ni ìyá bàbá rẹ, orúkọ ara rẹ̀ ni ì bá gbọ́. Ì bá ti di ìyá àgbà rẹ̀. Kò béèrè, nítorí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn mìíràn.

"Ìwọ lo dàgbà jù," ni arúgbó náà wí. "Ìwọ lo yàn án. O lè tún un yàn."

"Bí mo bá tún un yàn…"

"Ẹ̀ẹ̀hn. Ìyá rẹ á tún lọ." Ó gbé òkúta rẹ̀. "Jẹ kóró yẹn, ó ń tutù."

Nígbà tí Dixao dé Gaxoma, ọkọ̀ oúnjẹ ti dé. Wọ́n ti gbé àpò Bau sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kúbùsù rẹ̀ lórí rẹ̀. Àwa tí a wá gbé àpò àgbàdo ti fi í sílẹ̀, a rọ̀ mọ́ fèrèsé. Obìnrin Windhoek náà, Kauraisa, jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ti fi bọ́ọ̀lù hàn án, ó ti fi àwòrán hàn án, ó ti béèrè orúkọ rẹ̀ ní èdè tó lé ní ẹyọ kan. Bau wo ilẹ̀. Hamukoto ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì ń tún un nù.

Dixao dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bau rí i, ó tọ́ aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ró, bí ìyá ṣe ń ṣe níwájú ọmọ.

A rí i tí Dixao la ẹnu, tó pa á dé. Ó tún là á.

"Bau," ó ní. Kò ní Màmá. "Dìde ńlẹ̀ níbẹ̀, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ. O jókòó bí ẹni tó gbé òkúta mì."

Ọmọ náà gbójú sókè kíá.

"Kí ló sọ?" Kauraisa bi Hamukoto. Kò gbọ́ èdè wa.

"Ó… ó ń kí i ni, mà."

"Irú ìkíni wo ló mú yín là ẹnu sílẹ̀ báyẹn?"

"Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ," Dixao ń bá a lọ. "Dixao ló ń jẹ́, bíi tèmi. Mo ti yí i padà. Láti òní lọ, èmi ni ìyá àgbà rẹ. Ìwọ kì í ṣe ìyá mi mọ́. Ọmọ-ọmọ mi ni ọ́. O gbọ́? Ọmọ-ọmọ mi tí orí rẹ̀ rí bí èso oṣè!"

Bau wò ó. Ó wo ojú mẹ́rin tó wà lára ògiri, ó wo Hamukoto, ó tún wo Dixao. Èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ètè rẹ̀ mì.

"Kí lo wí? Etí mi ò gbọ́," ni Dixao wí.

"Mo ní ihò imú rẹ," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́, "ehoro lè sùn nínú rẹ̀."

Àwa tí a wà lójú fèrèsé, a pariwo. Ẹnìkan ṣubú lé àpò àgbàdo.

"Ehoro wo?" ni Dixao wí. "Èyí tó gba etí lọ́wọ́ rẹ?"

"Àgùfọn arúgbó!"

"Onídìí ìjàpá!"

"Mo ní kí ló ń sọ!" ni Kauraisa wí.

"Ó pè é ní àgùfọn arúgbó, mà," Hamukoto wí. Kò lè bò ó mọ́. "Ó ti ní ehoro lè sùn nínú imú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn dúró."

"Wọ́n ń bú ara wọn? Níbi tí ẹ kọ òfin yẹn sí?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, mà."

Bau ti dìde. Ó ń bú u, ó sì ń sunkún, àwọn méjèèjì pọ̀. Dixao kò dákẹ́. Bó bá dákẹ́ nígbà yẹn, ojú á ti ọmọ náà. Ó ń dá èébú padà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń sún mọ́ ọn, títí kò fi sí àyè láàrin wọn mọ́.

"Ìwọ ọlọ́rùn gígùn," ni ọmọ náà ké, "mò ń tọ̀ sórí fóòmù!"

"Kí ló dé? Ṣé ìdí rẹ ti lu ni?"

"Àwọn erin máa ń wà nídìí ṣáláńgá lóru! Wọ́n ń mu omi ẹ̀rọ níbẹ̀! Ṣé ìwọ lè lọ?"

"Èmi? Kí erin fà mí bí ewéko?"

Bau rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tí ikun ń jáde ní imú rẹ̀, ó sì fi aṣọ Dixao nù ún.

Hamukoto túmọ̀ rẹ̀ fún Kauraisa ní ohùn jẹ́jẹ́. Obìnrin náà ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó bá ẹranko tí kò rí rí pàdé lójú ọ̀nà, tí kò fẹ́ lé e sá.

"Ó ti ń tọ̀ sílé láti ọjọ́ tó dé?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń yí fóòmù náà padà láràárọ̀, ó ń tẹ́ kúbùsù lé e."

"Kí ló dé tí kò fi sọ fún obìnrin yìí?"

Hamukoto ronú lórí bí yóò ṣe sọ ọ́. "Ọmọ yìí ni ìyá obìnrin náà nígbà yẹn, mà," ó ní. "Kò ṣe é sọ fún un."

Kauraisa béèrè ìbéèrè púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ta ló ń yan ìbátan náà? Ṣé wọ́n lè yàn án fún ènìyàn tó wá láti Windhoek? Hamukoto ní kó bi Dixao. Dixao kò sí níbẹ̀. Ó ti gbé fóòmù náà sínú oòrùn, ó ń fọ̀ ọ́, Bau ń da omi sí i, àwọn méjèèjì sì ń bú ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Nígbà tí ọmọ náà lọ pọn omi sí i, a rí Dixao tó dúró pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, tí kò ṣe nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó pè é. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, Dixao ní, "Ṣé odò lo lọ gbẹ́ ni, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ?"

Bau kò lọ sí Windhoek. Wọ́n gbé garawa ìtọ̀ sínú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa jáde lóru. Bí ọmọ tuntun bá dé Gaxoma báyìí, Dixao á kọ́kọ́ béèrè orúkọ àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà rẹ̀ kó tó sọ ohun tí yóò máa pè é. Kò pe ẹnikẹ́ni ní Màmá mọ́.